Ibi Tó Wà Nígbà Tí Wọ́n Pè É

"Níbo lo wà nígbà tí wọ́n pè ọ́?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló bi í ní ìbéèrè yìí, nínú yàrá tí èrò ọ̀fọ̀ kún dẹ́nu, lójú gbogbo àwọn tó wá bá a kẹ́dùn. Kò pariwo. Ọmọ tuntun jòjòló kan wà láyà rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni. Ìyá ọmọ náà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ìyá Oníbúrẹ́dì bí, ni wọ́n sìn ní àná ọjọ́ náà. Láti ìgbà tí òun àti obìnrin tó ń bi léèrè yìí ti mọra, kò pè é ní "ìwọ" rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dàgbà jù. Iṣẹ́ tí obìnrin náà ń ṣe ló fi ń bọ̀wọ̀ fún un. Lọ́jọ́ yẹn, ó bọ́ ọ̀wọ̀ náà sílẹ̀ bí ẹni bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè náà jókòó sórí àga onígi kan nítòsí ilẹ̀kùn. Aṣojú ni gbogbo ènìyàn ń pè é nígbà náà, nítorí pé òun ni wọ́n dìbò yàn láti máa ṣojú ẹkùn wọn ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá rẹ̀, jókòó tì í, ó fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Aṣojú. Ó mọ ìdáhùn. Ìdáhùn náà kò gùn, kò sì le. Ṣùgbọ́n tó bá fi lè jáde lẹ́nu rẹ̀, orí àgbàlagbà tó jókòó tì í yẹn ni yóò bọ́ sí, kò sì ní gbé e kúrò níbẹ̀ títí yóò fi kú.

Ó ní: "Mi ò sí lórí ìjókòó mi."

Ibẹ̀ ló fi ọ̀rọ̀ mọ. Àwọn kan pòṣé. Ẹnì kan lẹ́yìn yàrá sọ pé a kúkú ti mọ ìyẹn. Ìyá Oníbúrẹ́dì gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó sì ń gbá ọmọ lẹ́yìn lọ.

Kí wọ́n tó máa pè é ní Aṣojú, Agbẹ̀bí ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ náà ló sì sọ ọ́ di ènìyàn. Bàbá tó bí i kú nígbà tí kò tíì mọ iró ró dáadáa. Bàbá Kékeré ló kó o sọ́dọ̀. Kápẹ́ńtà ni Bàbá Kékeré, ọkùnrin kúkurú, olóhùn ńlá, tó fẹ́ràn kí wọ́n kí òun kúnlẹ̀kúnlẹ̀, tí kì í sì í gbàgbé ẹni tí kò kí i. Nígbà tí ọmọ náà fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí, ó ta ẹ̀rọ ìfági rẹ̀ tó dára jù lọ, ó padà sídìí èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tì. Kò fi bò rárá. Àlejò tó bá wọlé, kó tó mu omi, yóò ti gbọ́ pé ọwọ́ bíbó tí òun ń wò yìí, ọmọ obìnrin yẹn ló fà á. Yóò wá rẹ́rìn-ín, yóò ní òun kò kábàámọ̀, nítorí pé pákó kì í kúnlẹ̀ kí ènìyàn.

Ilé ìgbẹ̀bí tó ti ṣiṣẹ́ kò ju yàrá gbọọrọ kan àti ìyẹ̀wù kékeré kan lọ. Ibùsùn onírin tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọ̀dà ti bó lára ẹsẹ̀ wọn. Ibùsùn tó wà lábẹ́ fèrèsé ni gbogbo aboyún ń du, nítorí atẹ́gùn. Fèrèsé náà kọjú sí àpáta. Nígbà tí Agbẹ̀bí kọ́kọ́ dé ibẹ̀, àpáta lásán ni, ewúrẹ́ ló ń gùn ún. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta dé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀tù fọ́ ọ. Ní ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń ṣe é. Ilẹ̀ á mì. Ìgò oògùn á máa lu ara wọn lórí pẹpẹ. Àwọn ọmọ tuntun á ta jìjì lójú oorun, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì síta bí ẹni tó ń já bọ́ láti ibi gíga, wọ́n á sì padà sùn. Agbẹ̀bí kò lè rí ìnawọ́ yẹn kí inú rẹ̀ má bàjẹ́.

Ògiri kọ́kọ́ là lókè fèrèsé, ó tín-ín-rín bí irun orí. Agbẹ̀bí mú oògùn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń pa ìwọ́ ọmọ, ó fi òwú tọ́ ọ sí ibi tí ìlà náà parí sí. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá yóò rìn. Ó rìn. Ó tún tọ́ òmíràn sí iwájú, ó tún kọjá ìyẹn. Nígbà tó yá, ògiri náà di alámì tótòtó, àwọn aboyún sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Agbẹ̀bí ń ya ilé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, pé tó bá parí ti ògiri kó wá kun ojú àwọn náà. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti fẹjọ́ sùn káàkiri. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá wò ó níkẹyìn, ó gbé orí sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó ní kí wọ́n kun ún ní ọ̀dà. Wọ́n kun ún lóòótọ́. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ìlà náà ti yọ jáde lára ọ̀dà tuntun.

Ìgbà yẹn ló sọ pé òun máa dupò. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Kò lówó, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, ohun kan ṣoṣo tó ní ni pé ìdajì àwọn tó fẹ́ dìbò ló ti gbà lọ́wọ́ ìyá wọn. Ohun tó sì ń sọ fún wọn nìyẹn. Á dúró sórí àpótí, á ní, "Ọjọ́ tí èmi pẹ̀lú yín kọ́kọ́ pàdé, kò sí èyí tó wọ ṣòkòtò nínú yín. Mo bò yín láṣìírí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo tèmi náà." Àwọn géńdé á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n dìbò fún un.

Ní Ilé Ìgbìmọ̀, ara rẹ̀ kò kọ́kọ́ balẹ̀. Àwọn tó bá níbẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ gígùn di àkókò lọ́wọ́. Òun, ọ̀rọ̀ kan ló mọ̀. Ẹni tó bá lọ ṣí àkọsílẹ̀ Ilé náà wò lónìí yóò rí i: wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ìṣúná, ó mẹ́nu kan ògiri, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ìlera, ó mẹ́nu kan ògiri, wọ́n jókòó lé àwọ̀ aṣọ àwọn awakọ̀ ìjọba, ó dìde, ó ní òun ti gbọ́ ti aṣọ, ẹ jẹ́ ká padà sórí ògiri kan báyìí. Ọkùnrin sísanra kan tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Aṣojú Ògiri. Orúkọ náà mọ́ ọn lára, kò bínú. Ó rò pé tí wọ́n bá fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ tó, ọjọ́ kan á jọ́kan tí yóò sú wọn, wọ́n á sì fún òun ní ohun tí òun ń bèèrè kí òun lè dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì fẹ́ rí. Wọ́n fún un ní ọjọ́ kan. Wọ́n gbà kó mú àbá wá pé kí ilé-iṣẹ́ òkúta dáwọ́ ẹ̀tù dúró títí àwọn tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ yóò fi wá yẹ ilé ìgbẹ̀bí wò. Àwọn tó pọ̀ nínú àwọn aṣòfin ti ṣèlérí fún un pé àwọn máa tì í lẹ́yìn.

Òfin kan wà ní Ilé náà. Ẹni tó bá ni àbá gbọ́dọ̀ wà lórí ìjókòó rẹ̀ nígbà tí Abẹnugan bá pe àbá náà. Abẹnugan yóò pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Tí kò bá sí níbẹ̀, àbá ti ṣubú nìyẹn, kò sì gbọ́dọ̀ padà wọlé títí ìjókòó ọdún yẹn yóò fi parí. Àwọn ọ̀lẹ tó máa ń mú àbá wá tí wọ́n á sì lọ sùn sílé ni wọ́n torí wọn ṣe òfin náà. Aṣojú mọ̀ ọ́n. Ó ti rí i tó mú ẹlòmíràn, ó sì ti rò ó nínú ara rẹ̀ pé ó tọ́ sí wọn.

Ó ránṣẹ́ sílé pé ọjọ́ báyìí ni ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n máa fi àdúrà ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n má wulẹ̀ ṣe ìyọnu àtiwá. Ibẹ̀ ló ti ṣì í. Ó yẹ kó mọ Bàbá Kékeré. Bàbá Kékeré gbọ́ pé ọmọ òun ń lọ dúró níwájú àwọn ẹni ńlá, tí kò sí ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ tó lè sọ pé ọmọ wa nìyí. Ó ní irú kí ni. Ó lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kó pákó, ó yá ọkọ̀ ẹrù rẹ̀, ó to àga sínú rẹ̀ fún àwọn àgbà. Ìyá Oníbúrẹ́dì kò lè fi ààrò sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kó búrẹ́dì gbígbóná fún wọn pé kí wọ́n jẹ ẹ́ lọ́nà, kí ó kù fún Aṣojú náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ bá wọn lọ. Wọ́n ní ikùn rẹ̀ ti ga jù fún ìjàgbọ̀n ọkọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Aṣojú wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó sì tètè jókòó. Nǹkan méjì ló ṣáájú tirẹ̀ nínú ètò iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀kan dá lórí owó orí àwọn oníṣòwò, gbogbo ènìyàn ló sì ń sọ pé ìjà máa gbé e dé ìrọ̀lẹ́. Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìyẹn pàápàá nígbà tí ìránṣẹ́ Ilé kan, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í wọ bàtà tó ń dún, bẹ̀rẹ̀ sétí rẹ̀. Ó ní àwọn ènìyàn Màmá wà ní géètì. Ó ní wọn kò ní ìwé àṣẹ ìwọlé, oòrùn sì ti ń pa wọ́n. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ sí i, ó ní ẹ̀ṣọ́ ti fi ọwọ́ ti bàbá arúgbó kan láyà.

Ó mọ bàbá tó máa jẹ́ láìbèèrè. Ó wo ètò iṣẹ́, ó wo Abẹnugan. Ìránṣẹ́ ní kí Màmá máa lọ, pé òun á wà lẹ́nu ọ̀nà, tí nǹkan bá fẹ́ yí òun á sáré wá pè é. Ó dìde.

Ohun tó ní lọ́kàn kò ju pé kó bá ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀, kó juwọ́ sí wọn lápapọ̀, kó sì padà. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé géètì, ó rí ojú Bàbá Kékeré. Ọkùnrin olóhùn ńlá yẹn kò sọ̀rọ̀. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, fìlà rẹ̀ wọ́, ibi tí wọ́n ti fi ọwọ́ kàn án láyà ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bò bí ẹni tí nǹkan ta. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wo ilẹ̀ kí wọ́n má baà wò ó. Wọ́n ti rìn láti ìdájí kí wọ́n lè rí ọmọ wọn tó di ẹni ńlá, ẹ̀ṣọ́ kan ló kọ́kọ́ fi hàn wọ́n pé wọn kò jámọ́ nǹkan.

Aṣojú mọ oògùn rẹ̀. Òun nìkan ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ níwájú géètì, nínú aṣọ rẹ̀ tó dára, lójú ẹ̀ṣọ́ àti àwọn awakọ̀ àti gbogbo ẹni tó ń wọlé. Ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kò sí bó ṣe lè kí ọ̀kan kó fo èkejì. Ẹ̀ṣọ́ náà ṣí fìlà láìmọ̀. Ojú Bàbá Kékeré sì padà bọ̀ sípò. Ohùn rẹ̀ náà padà. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún un.

Àdúrà Bàbá Kékeré kì í ṣe àdúrà kúkúrú. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá rẹ̀ tó ti lọ, ó gba orí ìyá rẹ̀, ó kan ẹ̀rọ ìfági. Ní gbogbo ìgbà tó bá mí, àwọn àgbà á ṣe àmín. Àárín rẹ̀ ni Aṣojú gbọ́ agogo láti inú ilé, agogo kúkurú tí wọ́n máa ń lù nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá parí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó ṣì ku ọ̀kan. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá, kò gbọ́ ti ìránṣẹ́. Ó mọ̀ lẹ́yìn náà pé àgbà aṣòfin kan ló rán an ní omi mímu. Agogo tún dún. Àwọn tó mú ọ̀rọ̀ owó orí wá ti gbé e kúrò fúnra wọn, kò sí ìjà kankan.

Ọwọ́ Bàbá Kékeré ṣì wà lórí rẹ̀. "Bàbá, ó ti tó" ti dé ètè rẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ kan ti ti bàbá yìí láyà láàárọ̀ yẹn. Ó ń wò ó bóyá òun ló máa jẹ́ ẹnì kejì. Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni Bàbá Kékeré ti dórí ògiri. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kó wó lu ìyá, kó má jẹ́ kó wó lu ọmọ. Aṣojú kò lè já ìyẹn lẹ́nu. Ó ṣe àmín, ó fò dìde, ó sáré.

Ẹnu ilẹ̀kùn ló dé tí òòlù Abẹnugan fi kan tábìlì. "Ẹni tó ni àbá kò sí lórí ìjókòó rẹ̀," ni Abẹnugan wí. "Àbá ti ṣubú." Akọ̀wé Ilé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ọ́. Aṣojú dúró síbẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ṣì lẹ̀ mọ́ eékún aṣọ rẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀. Abẹnugan kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ojú àánú ló fi wò ó. Ó ní tí òun bá tẹ òfin nítorí rẹ̀, ta ni òun kò ní tẹ̀ ẹ́ fún. Ọkùnrin sísanra tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó padà sí géètì, wọ́n bi í bó ṣe rí. Ó wo Bàbá Kékeré tó ń fi ọgbọ́n kọ́ ẹ̀ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ó sọ fún wọn pé wọ́n ti sún un di ọdún tó ń bọ̀. Irọ́ kọ́, òótọ́ tó pé náà kọ́. Bàbá Kékeré ní ọdún tó ń bọ̀ kò jìnnà, pé àdúrà ti gbà ná. Wọ́n bu búrẹ́dì fún un. Ó bá wọn jẹ ẹ́.

Kò jókòó tẹtẹrẹ. Ó lọ bá ọ̀gá ilé-iṣẹ́ òkúta lẹ́ẹ̀kan, ó tún lọ. Ọ̀gá náà fún un ní àga, ó fún un ní omi tútù, ó ní tí òun bá rí àṣẹ Ilé Ìgbìmọ̀ òun máa dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ó lọ bá àwọn tó wà nílé ìgbẹ̀bí pé kí wọ́n gbé ibùsùn kúrò lábẹ́ fèrèsé. Wọ́n gbé e kúrò. Ooru tó máa ń ṣáájú òjò bẹ̀rẹ̀, àwọn aboyún sì tún gbé e padà.

Ọmọbìnrin Ìyá Oníbúrẹ́dì bí lórí ibùsùn yẹn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò òru ti fi ilẹ̀ rin gbingbin. Aṣojú ló gba òun náà nígbà tí wọ́n bí i, nínú yàrá yẹn kan náà. Ní ọ̀sán, agbẹ̀bí tó rọ́pò rẹ̀ gbé ọmọ lọ sí ìyẹ̀wù láti wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀tù dún. Ọmọ náà na ọwọ́ méjèèjì síta nínú omi. Ògiri wó sínú ilé.

Bó ṣe wá di pé wọ́n bi Aṣojú léèrè nìyẹn, tó sì dáhùn bó ṣe dáhùn. Nígbà tí wọ́n jáde nílé ọ̀fọ̀, Bàbá Kékeré kò jẹ́ kó di òun lọ́wọ́ mú. Ó dúró lójú títì, ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀.

"Ẹnu ara mi yìí ni mo fi gbàdúrà fún ọ," ló wí. "Mo rí i tí o sáré wọlé. Mo ní ọmọ mi ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Níbo lo yà sí?"

Ó ní kí wọ́n má bínú.

"Èmi kọ́ ni wàá bẹ̀." Ó yí padà, ó ń lọ. Kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé Ilé kọ náà jáde nínú ìwé, kò sì pẹ́ tó dọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba ipò rẹ̀. Ọkùnrin náà kò ṣe wàhálà ìpolongo kankan. Ibi tó bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, á gbé àga òfìfo kan síwájú èrò, á ka gbólóhùn náà, á jókòó, á dákẹ́. Àwọn kan ní owó ló gbà. Àwọn kan ní oorun ló gbé e. Àwọn ọmọ tó gbà lọ́wọ́ ìyá wọn ń pè é ní Àga Òfìfo nígbà tó bá ń kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó jí bá àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó yí i padà wò, ó mọ ọwọ́ tó kàn án. Iṣẹ́ Bàbá Kékeré ni, ìgbà tí ẹ̀rọ ìfági rere ṣì wà. Ó gbé e wọlé. Ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, orí rẹ̀ ló sì ń jókòó láti ọjọ́ náà.

Ẹnì kan ṣoṣo tó lè gbà á sílẹ̀ ni ìránṣẹ́ Ilé. Ó wá bá a, ó ń sunkún, ó ní òun á jẹ́rìí sí ibi tí Màmá wà. Aṣojú ṣe é lálejò, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó wà níkùn òun àti tirẹ̀. Ọkùnrin náà kò lóye rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà.

Kó tó kúrò nípò, Aṣojú gbé àbá náà padà wá nígbà tí ọdún yí. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn kò mu omi, kí ohunkóhun má baà gbé e dìde. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan, ó dáhùn. Kò sí ẹni tó bá a jiyàn. Gbogbo Ilé dìde dúró fún òkú, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà pé kí ẹ̀tù dáwọ́ dúró. Ìyẹn náà wà nínú àkọsílẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ ibi tí ẹnikẹ́ni ti kà á sókè. Nígbà tí wọ́n dìbò, ó fìdí rẹmi, ó sì padà sídìí iṣẹ́ agbẹ̀bí nínú yàrá kan nílé ara rẹ̀. Àwọn tí kò lágbára àtilọ síbòmíràn ló ń wá.

Lẹ́yìn èyí ni àìsàn dá Bàbá Kékeré dùbúlẹ̀. Agbẹ̀bí lọ ń tọ́jú rẹ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá náà kò lé e. Ní ọ̀sán kan tó jẹ́ pé àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú yàrá, ó pè é.

"Nígbà tí mo gbé ọwọ́ lé ọ lórí ní géètì yẹn," ló wí, "ṣé agogo kan kò dún? Mo ti ń gbọ́ ọ láti ìjẹta."

Aṣọ tó fẹ́ fi nù ún wà lọ́wọ́ Agbẹ̀bí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fún aṣọ náà, ó rọra fún un títí omi inú rẹ̀ fi tán. "Agogo ilé ìwé kan ni, Bàbá."

"Ilé ìwé wà nítòsí ibẹ̀?"

"Ó wà, sà."

Bàbá Kékeré tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé e lé e lórí, kò dé ibẹ̀, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí ibùsùn. Ó kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Bóyá ó gba irọ́ náà gbọ́ tàbí kò gbà á, ó gbé e lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Agbẹ̀bí rò pé ọ̀nà ti là. Ẹni tó ń dáàbò bò kò sí láyé mọ́, ìdáhùn náà kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ó mú ọ̀nà ilé Ìyá Oníbúrẹ́dì pọ̀n ní àárọ̀. Ó bá a nídìí àpótí ìyẹ̀fun, ó ń pò ó, ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgúnpá. Ọmọ náà ti ń rìn. Ó ń di ẹsẹ̀ tábìlì mú kiri nítòsí ibùsùn ọmọdé kan tí wọ́n fi pákó dídán kàn, tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí lórí.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ní, "Ẹ wọlé." Agbẹ̀bí gbọ́ "ẹ" náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè wọlé.

Ìyá Oníbúrẹ́dì kí i kú ọ̀fọ̀. Ó ní òun rí bó ṣe tọ́jú bàbá náà, òun kò ní purọ́. Ó fi ojú júwe ibùsùn ọmọdé, ó ní Bàbá Kékeré ló kàn án, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n nígbà náà, òun náà ló sì kan pósí ọmọ òun, kò gba kọ́bọ̀. "Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sínú ilé ńlá yẹn," ló wá sọ. "Bàbá yẹn nìkan ló bá ọmọ mi bẹ Ọlọ́run. Wọ́n sọ fún mi bó ṣe gbàdúrà lọ́jọ́ yẹn. Mo máa ń rántí rẹ̀ tí oorun bá kọ̀ tí kò kùn mí."

Agbẹ̀bí wo ibùsùn náà. Ó wo ọmọ tó ń fi ọwọ́ pa òdòdó orí rẹ̀.

"Ó jọ pé ọ̀rọ̀ kan lẹ bá wá," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí.

"Mo ní kí n wá wo ọmọ ni."

"Mo bi yín léèrè nǹkan kan nígbà kan. Ẹ ò tíì dá mi lóhùn."

"Mi ò tíì dá yín lóhùn."

Ìyá Oníbúrẹ́dì dúró, ó gbé ọwọ́ funfun méjèèjì sókè kúrò nínú ìyẹ̀fun, ó ń retí. Ó retí títí. Nígbà tó rí i pé ẹnu obìnrin náà kò ní là, ó padà sídìí ohun tó ń pò.

"Ó wà lọ́rùn yín," ló wí.

"Ó wà lọ́rùn mi," ni Agbẹ̀bí dáhùn, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde.